Ẹ̀mí Keje

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín tèmi tán ná. Láti ọjọ́ Sátidé ni mo ti ń rín in. Ìgbà tí mo bá rántí ojú Ìyá Alákàrà nìkan ni ẹ̀rín náà máa ń há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Àkísà pupa ló dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ ìyá mi ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní ti Màámi, ohun tí kò bá ti ní àkísà pupa lára, kò tíì lẹ́ni tó ni ín. Kẹ́ẹ̀gì omi, àkísà pupa. Ọmọrí ìkòkò, àkísà pupa. Àwọn adìẹ tó ń sìn nígbà tá a wà ní Ìsẹ́yìn, àkísà pupa ní apá, tó fi jẹ́ pé bí wọ́n bá ń tò kọjá lọ, ẹ ó rò pé wọ́n ra aṣọ ẹbí ni. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ sílé ìwé tí à ń gbé, ó so ó mọ́ àpótí mi, ó so ó mọ́ garawa mi, ó so ó mọ́ mátírẹ́ẹ̀sì mi. Odindi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi pè mí ní Alákìísà.

Èyí tó dùn mí jù ni tìgbà tá a ń sìnkú ìyá bàbá mi, tí èrò pọ̀ bí eéṣú. Gbogbo ọmọ ló múra bí ọmọ ọba, èmi nìkan ni mo ní àkísà lọ́rùn ọwọ́. Mo sunkún títí. Màámi ní, "Bó o bá sọ nù, wọ́n á mọ̀ pé èmi ni mo ni ẹ́." Mo ní, "Màámi, orúkọ mi ńkọ́?" Ó wò mí bí ẹni tó ń wo òmùgọ̀, ó ní, "Ṣé wọ́n ń rí orúkọ láti òkèèrè ni?"

Mo búra lọ́jọ́ náà pé bí mo bá nílé tèmi, àkísà kankan ò ní débẹ̀ àfi èyí tá a fi ń nulẹ̀. Ìbúra ọmọdé. Ẹ wá wo ike ọ̀dà funfun tí mo fi ń gbé ẹ̀wà lọ sọ́dọ̀ alọta lónìí. Àkísà pupa gbọọrọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ara ògbólógbòó ìró Màámi ni mo tiẹ̀ ti ya á.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń wí yìí, mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje ni mo fẹ́ sè. A ò ṣe nǹkan kan o. Inú mi kàn ń dùn ni. Òjò ti rọ̀ lóru, gbogbo àdúgbò wa ní Àpáta tutù, àwọn ọmọ ò tíì jà, mo sì rí ewé eéran rà lọ́jà, tútù yọ̀yọ̀, fífẹ̀ bí etí erin, ìkankan nínú ẹ̀ ò ya. Ẹni tó bá ń sè é ló mọ̀ pé ewé tí ò ya lè mú obìnrin dákọrin. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé, mò ń fọwọ́ bó ẹ̀wà nínú omi, èèpo ń léfòó, mò ń dà á nù. Ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí láti ràn mí lọ́wọ́. Ó bó hóró mẹ́rin, ó ní ẹ̀yìn ń ro òun. Mo fẹ́ bínú, mo rántí pé hóró mẹ́ta lèmi máa ń bó fún Màámi.

Iná ò sí. Kí n má purọ́, bí iná bá tiẹ̀ wà, blẹ́ńdà mi ti ń rùn bíi wáyà tó jóná láti ìgbà ọdún Àjíǹde. Mo da tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà lé ẹ̀wà lórí, ó di ọ̀dọ̀ alọta.

Èrò kún ibẹ̀. Alọta wa kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnì kankan, ariwo ẹ̀rọ ti di í létí, ojú nìkan ló fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Mo to ike mi sórí ìlà, mo ní kí n sáré lọ ra edé. Kí ló máa bà mí lẹ́rù? Ṣebí mo ní àkísà. Nígbà tí mo padà dé, mo rí àkísà pupa, mo sanwó, mo gbé ike rù. Mi ò wọ̀tún, mi ò wòsì.

Ike wúwo.

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ibí yìí, torí ibi tí agọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Kóńgò kan ààbọ̀ ẹ̀wà ni mo gbé lọ. Èyí tí mo gbé bọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Èèyàn tórí ẹ̀ bá pé á bi ara ẹ̀ léèrè. Èmi? Orin ọpẹ́ ni mo gbé. Mo ní ẹ̀wà tuntun yìí mà wú o! Nígbà tí mo fi máa débi ilé aláṣọ, mo ti rántí opó Sáréfátì inú Bíbélì, tí ìyẹ̀fun rẹ̀ ò tán, tí kólòbó òróró rẹ̀ ò gbẹ. Mo ní ta ló mọ̀, bóyá torí alágbe tí mo ta lọ́rẹ lánàá ni. Àádọ́ta náírà ni mo fún alágbe yẹn o, ó tiẹ̀ ti ya létí kan. Àádọ́ta náírà tó ya ni mo rò pé Ọlọ́run fi kóńgò ẹ̀wà kan ààbọ̀ san fún mi, ó tún bá mi lọ̀ ọ́.

Mo délé, mo ṣíbi bọ̀ ọ́, ó ki. Alọta wa tó máa ń da omi sẹ́wà bí ẹni ń fọṣọ! Mo ní ó ti ronú pìwà dà. Mo bu omi lọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, mo fi òróró àti iyọ̀ sí i, mo rò ó, mo wá ń kó ẹ̀mí sínú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin, ẹ̀mí kan. Ẹja títúsì, méjì. Edé, mẹ́ta. Kọ́ǹbíìfù, mẹ́rin. Ẹ̀dọ̀, márùn-ún. Mùdùnmúdùn inú eegun tí mo bẹ alápatà títí kó tó bá mi fọ́ ọ, mẹ́fà. Mo wá ẹ̀mí keje tì. Mo ṣí fìríìjì, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọmọ mi ọkùnrin ní ká fi bísíkíìtì sí i. Mo ní ẹ jẹ́ ó jẹ́ mẹ́fà, ta ló ń kà á?

Mo to igi ewé sísàlẹ̀ ìkòkò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọn. Mo pọ́n, mo pọ́n, ẹ̀wà ò tán. Ewé tán, mo bọ́ sórí agolo mílíìkì. Agolo tán, mo bọ́ sórí abọ́. Abọ́ tán, mo gbé kọ́ọ̀pù tí ọkọ mi fi ń mu tíì. Gbogbo àkókò yìí, mi ò tíì fura o. Opó Sáréfátì ṣì ni mí.

Kí n wá sọ̀rọ̀ ọkọ mi. Ọdún kọkànlá rèé tó ti ń jẹ mọ́ínmọ́ín mi, kò tíì yìn ín rí kó má fi "ṣùgbọ́n" tì í lẹ́yìn. "Ó dùn, ṣùgbọ́n iyọ̀ rẹ̀ fà sẹ́yìn." "Ó dùn, ṣùgbọ́n ti Màmá máa ń rọ̀ jù báyìí lọ." Ìyá tó bí i ló ń pè ní Màmá bẹ́ẹ̀. "Ṣùgbọ́n" ọkùnrin yìí ń tọ ìyìn lẹ́yìn bí ewúrẹ́ tó ń tọ ẹni tó gbé èèpo iṣu.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó jẹ ewé kan, kò fọhùn. Ó tú ìkejì. Ó tú ìkẹta. Ó ní, "Ìyá Démi." Mo ní, "Sà?" Ó ní, "Èyí gan-an ni."

Mo dúró de ṣùgbọ́n. Kò dé. Mo tún dúró díẹ̀ sí i, bóyá ó ń bọ̀ lọ́nà ni. Ó ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti gbé ẹ níyàwó, o ò se irú ẹ̀ rí. Bí ti Màmá ṣe máa ń rí gẹ́lẹ́ nìyí." Omi lé ròrò sí mi lójú. Ó wá fà nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lẹ́nu, ó ní, "Òwú pupa wo lèyí?"

Mo ní, "Ẹ̀mí keje ni. Ẹ máa jẹ."

Ibẹ̀ la wà tí wọ́n ń gbá géètì. Ìyá Alákàrà ni. Ó gbé ike ọ̀dà funfun dání lọ́wọ́ kan, àkísà pupa ń jù lára rẹ̀ fẹ̀lẹ̀fẹ̀lẹ̀. Ó di ọ̀rá kan dání lọ́wọ́ kejì. Ó ní, "Ìyá Démi, ẹ̀wà ta lo gbé?"

Orí mi wú. Kóńgò kan ààbọ̀ kejì gbéra nínú ọpọlọ mi, ó lọ.

Ó ṣí ọ̀rá hàn mí. Ohun tó wà níbẹ̀, mi ò lè pè é ní àkàrà. Ó tẹ́ pẹlẹbẹ bí ìdajì bàtà onírọ́bà. Ẹ̀wà tèmi, tí alọta ti fi omi wẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ni ìyá yìí dà sínú epo gbígbóná. Ó ní, "Mo bù ú sílẹ̀, ó nà lọ. Mo ní kó ká jọ, ó ní òun ò ká." Ó ní ọmọdé kan gbà á, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, àkàrà ni wọ́n ní kí n rà, wọn ò rán mi ní bísíkíìtì." Àwọn tó wà lórí ìlà tú ká.

Mo ń bẹ̀ ẹ́, mo ń fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, àkísà pupa ló tàn mí." Ó ní, "Àkísà pupa wo? Èmi ni mo ni àkísà pupa. Láti kékeré nìyá mi ti kọ́ mi." Mi ò mọ̀ pé Màámi ní ẹgbẹ́.

Ọkọ mi ti yọ jáde, mọ́ínmọ́ín karùn-ún lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ̀rín ń pa á kú lọ. Kàkà kó bá mi bẹ̀bẹ̀, fóònù ló gbé, ó pe Màmá ní Òṣogbo, ó sì jẹ́ kí gbogbo wa máa gbọ́. Ó ní, "Màmá, ẹ wá gbọ́ o, lónìí ni mo tó jẹ mọ́ínmọ́ín tó dà bíi tiyín!"

Màmá ní, "Mọ́ínmọ́ín mi wo?"

Ó ní, "Èyí tẹ́ ẹ máa ń sè fún wa ní ọjọọjọ́ Sátidé."

Màmá ní, "Èmi tí mo máa ń wà níwájú ìsọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ìgbà wo ni n óò wá máa bó ẹ̀wà? Lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta àkàrà níwájú mọ́ṣáláṣí ni mo máa ń rà á."

Ọdún kọkànlá! Ọdún kọkànlá ni mo ti fi ń bá mọ́ínmọ́ín tí wọ́n rà lọ́wọ́ alákàrà díje! Mo wo ọkọ mi. Ó wo ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín ti gbẹ lẹ́nu ẹ̀. Màmá ṣì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n ní, "Ìyàwó mi dà? Ẹ bá mi kí i o, ó kú iṣẹ́."

Mo sanwó ẹ̀wà fún Ìyá Alákàrà, mo di ewé mẹ́wàá fún un. Ó tú ọ̀kan jẹ lórí ìdúró níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí adájọ́ tó ń ka ìwé ẹjọ́. Ó nu ẹnu. Ó ní, "Ó dùn o. Ṣùgbọ́n omi tó o bù sí i ti pọ̀ jù."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo pe Màámi, mo ro gbogbo ẹjọ́ fún un. Mo rò pé á káàánú mi. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àkísà mélòó lo so mọ́ ọn?" Mo ní ọ̀kan. Ó ní, "Hẹn-ẹn."

Méjì ló wà lára ike náà báyìí. Pupa kan, àti táì aláwọ̀ ewé ọkọ mi kan. Kò tíì wá a.