Kí Ẹ Tó Gbé Mọ́tò Sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Lágbègbè Tákíè àti àwọn ọjà wa, ẹ wo tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa kí ẹ tó sanwó. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi àbójútó ọjà àti gáréèjì sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Nítorí náà, ó yẹ kí orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wà lára rẹ̀, ìbáà jẹ́ Àríwá tàbí Gúúsù, pẹ̀lú déètì àti iye owó. Bí kò bá ní déètì, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i, torí ẹlòmíì lè tún dé ní ìrọ̀lẹ́.

Orí kọ́ńkéré tí wọ́n fi bo gọ́tà ló ń tan àwọn awakọ̀ jẹ jù. Ó jọ ilẹ̀ gidi lójú, àmọ́ ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò lè gbé ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Bó bá là, táyà á rì wọnú gọ́tà, abẹ́ mọ́tò á sì jókòó sílẹ̀. Ẹ má wà á jáde tipátipá o. Jáàkì ni kí ẹ fi gbé e.

Níbi tó bá dà gẹ̀rẹ́, háńdíbíréèkì nìkan ò tó, torí okùn rẹ̀ a máa dẹ̀. Bí imú mọ́tò bá kọjú sísàlẹ̀, ẹ fi í sí rìfáàsì. Bó bá kọjú sókè, jíà kìíní ni. Ẹ fi òkúta ti táyà, kí ẹ sì gbé e kúrò lójú títì nígbà tí ẹ bá ń lọ (ọ̀pọ̀ kì í gbé e!).

Ẹnu géètì onílé? Rárá.