Bí Mo Ṣe Gbin Àgbàdo sí Makurdi Láì Kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi chapter two project rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Àǹtí, ẹ bá mi wò ó, ọ̀la ni mo fẹ́ gbé e fún supervisor mi." Ọ̀la! Mo lọ sí ẹ̀yìn níbi tó to àwọn ìwé sí, mo mú ọ̀kan, mo wá a lórí Google Scholar. Jọ́nà náà wà lóòótọ́, ọdún rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ojú ewé tó kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹja ni mo bá, bẹ́ẹ̀ orí ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀ dá lé. Mo mú ìkejì, kò sí níbì kankan. Mo pè é. Mo ní, "Ta ló kọ èyí?" Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Àǹtí, ChatGPT ló bá mi tò ó."

Mi ò bú u. Mi ò lẹ́nu ẹ̀. Èmi náà ti gbin àgbàdo sí Makurdi rí, mi ò sì tíì fẹsẹ̀ tẹ Makurdi títí di òní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí ìjókòó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ n to ohun tí ojú mi rí fún yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìkíní, ẹ máa ṣírò GPA yín fúnra yín. Ẹ fi unit course kọ̀ọ̀kan lọ́po point tẹ́ ẹ gbà, ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ wá fi àpapọ̀ unit pín in. Point 5 ni A, point 2 ni D. A nínú course oní-unit 2 á fún yín ní 10. D nínú oní-unit 4 á fún yín ní 8. Ẹni tó fi òru mẹ́ta ka oní-unit 2, tó wá fi òru kan ṣoṣo ka oní-unit 4, kò mọ ọjà tó ń ná. Èlùbọ́ láfún ni ìyá mi ń tà, kò ka ìwé mẹ́fà, kò sì lè ná owó rẹ̀ báyẹn láé.

Ìkejì, ẹ yé fi àkàtúnkà tan ara yín. Ní 2006, Roediger àti Karpicke ti Washington University ní St. Louis, Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkurú. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà, kí àwọn kan sì pa á dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló ṣe dáadáa jù. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kan, nǹkan yí padà: àwọn tó tún un kà rántí nǹkan bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó pa á dé rántí 56. Ẹni tó ṣe TDB, ìyẹn ẹni tó kàwé mọ́jú, lè da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lórí bébà ìdánwò láàárọ̀. Ẹ bi í ní nǹkan kan náà ní sẹ̀mẹ́sítà tó tẹ̀ lé e, òkè àjà ni yóò máa wò.

Ìkẹta, ẹ máa kọ nóòtù bí ẹni tó mọ̀ pé òun máa gbàgbé. Ibí yìí ni Makurdi ti wọ̀ ọ́.

Nígbà tí mo wà ní 300 level, kíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkàwé wa ní gbogbo àárọ̀ Sátidé. Ọ̀fẹ́ ni. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan, ìyá tó máa ń wé gèlè kékeré, ló ń kọ́ wọn bí a ṣe ń kọ nóòtù, bí a ṣe ń ka iṣẹ́ ìwádìí, bí a ṣe ń tọ́ka sí ẹni tó ni ọ̀rọ̀. A máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. A ní kíláàsì àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ò yé ni. Èmi tí GPA mi wà ní 4.1, tí mò ń lé 4.50 ti first class, tí àwọn kan ti ń pè ní "Prof", kí ni mo fẹ́ wá wá níbẹ̀? Sátidé ni mo ń fọṣọ.

Bó ṣe yé mi ni mo ṣe ń ṣe é. Mo ra nóòtù ńlá kan tí èèpo rẹ̀ pupa, mo wọ ilé ìkàwé, mò ń ṣí àwọn project àtijọ́ àti jọ́nà. Ibi tó bá dùn mọ́ mi, mo dà á kọ bó ṣe wà. Ibi tó bá yé mi, mo kọ ọ́ lọ́rọ̀ ara mi. Ojú ewé kan náà, bírò búlúù kan náà. Kò sí orúkọ òǹkọ̀wé, kò sí nọ́ńbà ojú ewé, kò sí àmì kankan tó ya tèmi sọ́tọ̀ kúrò lára tiwọn. Lójú tèmi, iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ìka mi a máa wú!

Bí gbogbo ọmọ àgíríkì ti mọ̀, inú oko la wà ní 400 level. Nígbà tí mo fi padà ṣí nóòtù pupa yẹn ní 500 level, ohùn ara mi ni gbogbo rẹ̀ jọ létí mi. Ṣebí ọwọ́ mi ló kọ ọ́? Mo tẹ̀ ẹ́ sínú project mi, mo tún Gẹ̀ẹ́sì ibòmíràn ṣe, mo lọ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà kan ní Takie, ó bá mi dì í, ó sì dùn ún wò.

Supervisor mi kì í pariwo, ìyẹn gan-an ló burú. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta mìíràn ń dúró nínú ọ́fíìsì náà. Bàbá ń ṣí i, wọ́n ń fi bírò pupa tọ ìlà lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, títí bírò fi dúró. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n fi etí ẹ̀wù nù ún.

"Níbo lo gbin àgbàdo rẹ sí?"

"Oko ilé-ìwé wa ni, sà."

"Ògbómọ̀ṣọ́ níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ka ìlà yìí sí mi létí."

Mo kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí a lò fún iṣẹ́ yìí jẹ́ ilẹ̀ àkúrọ̀ létí odò Benue, tí omi máa ń bò. "Iṣẹ́ yìí" ló wà níbẹ̀ o, kì í ṣe "iṣẹ́ lágbájá". Ìlà kẹta sí i, wọ́n dárúkọ Makurdi.

Ohùn bàbá ò tiẹ̀ lọ sókè. "Ọmọ mi, ìgbà wo ni odò Benue ya wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété?"

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ ọ́n. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lónìí, mi ò ní kí i.

Wọ́n fa ìlà pupa láti òkè ojú ewé dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ kọ òmíràn, kí n sì mú gbogbo ìwé tí mo tọ́ka sí wá kí àwọn fojú rí i. Mẹ́tàdínlógójì ni mo tò. Mẹ́rìnlá ni mo rí. Kí n tó rí ìyókù tàbí kí n wá òmíràn dípò wọn, defence ti kọjá, àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ khaki. Ìyá mi sì ti sọ fún gbogbo àwọn elélùbọ́ tó jókòó tì wọ́n lọ́jà pé ọmọ òun ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni kí àwọn wá wí. Mo ní ilé-ìwé ló da nǹkan rú. Irọ́ ni. Wọn ò mọ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, àfi bí ẹnìkan bá lọ kà á sí wọn létí.

Àwọn kan á ní ṣebí a ṣe Use of Library ní 100 level. A ṣe é. Inú gbọ̀ngàn tí èrò kún dé ojú fèrèsé la ti ṣe é, A ni mo sì gbà. Mo mọ ìtumọ̀ plagiarism lórí, pé kéèyàn gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kalẹ̀ bíi tirẹ̀ ni, mo lè kọ ọ́ láìwòwé. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé èmi náà lè jẹ́ ẹni tó ṣe é, láìjí ìwé ẹnikẹ́ni gbé. Ẹ̀yin tí àwọn èèyàn ń pè ní ọ̀mọ̀wé láàrin ẹgbẹ́ yín, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹni tó ń gba D mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe òun, á wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Àwa tó ń gba A ni ìgbéraga kì í jẹ́ ká bèèrè.

Sátidé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí supervisor mi fa ìlà pupa yẹn, mo wọ kíláàsì ẹ̀gbẹ́ ilé ìkàwé náà, mo lọ jókòó sẹ́yìn. Ọmọ 100 level kan sún fún mi. "Ẹ̀yin náà, àǹtí?" Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ìyá onígèlè fa ìlà lóòró sí apá òsì pátákó, wọ́n fa òmíràn ní ìbú nísàlẹ̀. Apá ọ̀tún tó fẹ̀ ni ti ohun tí o kà. Apá òsì tó tín-ín-rín ni ti ìbéèrè tó máa mú ọ rántí rẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni wàá ti fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́ ní gbólóhùn bíi méjì. Nóòtù Cornell ni wọ́n ń pè é, torí pé Cornell University ni Walter Pauk tó gbé e kalẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá wá fi tiwọn kún un. Wọ́n ní kí a tó kọ ọ̀rọ̀ kan, kí orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ojú ewé ti wà lókè bébà. Wọ́n ní ohun yòówù tí a bá dà kọ bó ṣe wà, inú àmì àyọlò, bírò pupa.

Bírò pupa. Mo wo pátákó yẹn títí ó fi ń ṣe bàìbàì lójú mi.

Àǹfààní tẹ́ ẹ ní ju tèmi lọ. Zotero, ètò orí kọ̀ǹpútà kan, wà, ọ̀fẹ́ ni, á bá yín tọ́jú orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún, ṣùgbọ́n kò ní bá yín ka ìwé. ChatGPT yín àti nóòtù pupa mi, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n: ọ̀rọ̀ tó dùn, tí ẹ ò mọ olówó rẹ̀. Ẹ ní kó ṣàlàyé ohun tí ò yé yín, mi ò bá yín jà. Orúkọ ìwé tó bá kà sílẹ̀, ẹ lọ wá a kẹ́ ẹ fojú rí i kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Àbúrò yẹn ò gbé tirẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Ó ń sunkún pé supervisor òun á bínú. Mo ní kó lọ ra bírò pupa, ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Alẹ́ àná ló fi fọ́tò bébà kan ránṣẹ́, ìlà wà lóòró, orúkọ àti ọdún wà lókè. Nínú ìwé méjìdínlọ́gbọ̀n tó tò, mẹ́ta ló ṣì rí.