Alẹ́ tí mo bá Bọ̀dá mi lọ sí mítìn káńsù ní Takoma Park

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti dé láti Maryland, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ Bọ̀dá mi àti ìyàwó wọn, mo sì dúpẹ́ pé mo lọ ire mo bọ̀ ire. Látìgbà tí mo ti dé làwọn èèyàn ti ń bi mí pé ṣé mo dé White House, fọ́tò dà. Mo débẹ̀, mo ya fọ́tò, màá fi sílẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí ni ti alẹ́ Ọjọ́rú kan tí mo jókòó sínú gbọ̀ngàn kan fún ohun tó lé ní wákàtí méjì, tí mò ń gbọ́ bí àwọn káńsílọ̀ ìlú kékeré kan ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí gọ́tà, igi, àti mọ́tò tó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé Civic Education ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé, ó ti pé ọdún mọ́kànlá báyìí, torí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wọ rélùwéè Red Line láti àárín Washington, ibi tí wọ́n ń pè ní Takoma lẹ máa bọ́ sílẹ̀. Ibi tí rélùwéè ti já yín sílẹ̀ yẹn, inú Washington lẹ ṣì wà, àmọ́ tẹ́ ẹ bá rìn díẹ̀ tẹ́ ẹ sọdá títì Eastern Avenue báyìí, ẹ ti bọ́ sí Maryland nìyẹn, ẹ ti wọ Takoma Park. Ìlú yẹn ò tóbi rárá, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé díẹ̀ ní 17,000, ọjà kan ṣoṣo nílé wa lè gba èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọjà. Oṣù April ni mo lọ, òtútù ò tíì lọ tán, àmọ́ òdòdó azalea ti ń yọ níwájú ilé gbogbo, pupa, funfun, àti àwọ̀ kan báyìí tó dà bí ojú aṣọ sányán tí wọ́n rẹ sínú aró pupa. Òdòdó yìí ni wọ́n fi ń ki ìlú náà. Ère àkùkọ kan wà lẹ́bàá ọ̀nà, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, Bọ̀dá mi ní àkùkọ yẹn gbé ayé lóòótọ́, Roscoe lorúkọ ẹ̀, ó ń rìn káàkiri àárín ìlú láwọn ọdún 1990, gbogbo ará ìlú ló mọ̀ ọ́n, àfìgbà tí mọ́tò gbá a pa ní 1999. Wọ́n wá ṣe ère fún un. Mo dúró, mo fọwọ́ kan orí ẹ̀, ó tutù bí omi fìríìjì.

Bó ṣe jẹ́ tá a fi lọ sí mítìn ni pé, títì tí Bọ̀dá mi ń gbé, àwọn mọ́tò tó fẹ́ sá fún gó-sílóò lójú títì ńlá máa ń gbabẹ̀ kọjá láàárọ̀, wọ́n á sì máa sáré. Àwọn ará àdúgbò ti ń kó ìfọwọ́sí jọ pé kí káńsù bá wọn rọ bọ́m̀pù síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì ni Bọ̀dá mi, àárọ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, wọ́n dé nírọ̀lẹ́, wọ́n jẹ ẹ̀bà tán, wọ́n wá ní, "Màmá Tólú, ṣé o máa tẹ̀ lé mi dé káńsù? Mo fẹ́ lọ sọ̀rọ̀." Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n ni. Wọ́n ní rárá o, ìpàdé wà lálẹ́ yìí, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ á lọ sọ tiẹ̀. Ìyàwó wọn, tó jẹ́ pé "ọkọ mi" ló máa ń pè mí, ló bá mi wá kóòtù tó nípọn, a sì jáde.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó wọnú gbọ̀ngàn. Bọ̀dá mi ò tíì di ọmọ Amẹ́ríkà, green card ni wọ́n ní. Wọn ò lè dìbò ààrẹ, wọn ò lè dìbò gómìnà, àmọ́ wọ́n ń dìbò yan káńsílọ̀, torí pé láti 1992 ni Takoma Park ti fi sínú òfin ìlú wọn pé ẹni tó bá ti ń gbé ibẹ̀ lè dìbò káńsù, ì báà má jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Ní 2013 wọ́n tún fi kún un pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè dìbò, àwọn sì ni ìlú àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Bọ̀dá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé mẹ́rìndínlógún ni, ó ti ń sọ fún mi látìgbà tí mo ti dé pé, "Àǹtí mi, èmi náà máa dìbò o." Ẹ ò rí i, ọmọ tí wọn ò tíì fún ní láísẹ́ǹsì mọ́tò tó dángájíá, ó ti lè yan ẹni tó máa tún títì ṣe!

Gbọ̀ngàn káńsù wà nínú Community Center wọn ní Maple Avenue. Kò sí sójà, kò sí ẹni tó ń béèrè pé ta lẹ wá rí. A kàn wọlé ni. Àwọn méje jókòó níwájú, méyọ̀ àti káńsílọ̀ mẹ́fà, torí wọ́ọ̀dù mẹ́fà ni wọ́n pín ìlú sí, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ló ní káńsílọ̀ tiẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni city manager jókòó sí, ìyẹn òṣìṣẹ́ àgbà tí káńsù gbà síṣẹ́, òun ló ń darí àwọn tó ń kó ilẹ̀, àwọn tó ń tún ọ̀nà ṣe, títí kan àwọn ọlọ́pàá, nítorí ìlú kékeré yẹn ní ọlọ́pàá tiẹ̀. Kíláàkì ń kọ ohun tí wọ́n bá sọ. Aṣọ tí wọ́n wọ̀, aṣọ ilé ni, káńsílọ̀ kan wọ súwẹ́tà tí ìgúnpá ẹ̀ ti fẹ́ẹ́ já.

Bọ̀dá mi fún mi ní ìwé àjẹ́ńdà. Mo mú un dání títí, ó ṣì wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Gbogbo ohun tí wọ́n máa sọ lálẹ́ yẹn ló wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti gbé e síta ṣáájú kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, kálukú ti kà á nílé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe mí bákan, mi ò ní purọ́ fún yín. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, mi ò fojú kan irú ìwé yìí rí.

Àwọn ará ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ fún láyè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní. Bàbá arúgbó òyìnbó kan ló ṣáájú, ó mú àpò ike dání, ó yọ fọ́tò mẹ́rin jáde nínú ẹ̀, ó gbé wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan sí àwọn káńsílọ̀ lójú: omi òjò tó ya wọ abẹ́ ilé ẹ̀ láti gọ́tà títì. Ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n. Fọ́tò kẹta, ó gbé e sódì, ó rí i, ó rọra yí i padà, ó ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ lọ, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó kánjú ẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́ta pé, wọ́n sọ fún un, ó sọ gbólóhùn kan sí i, ó jókòó. Àwọn àgbà ní ohun tó bá dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, àmọ́ bàbá yẹn ti há ọ̀rọ̀ ẹ̀ sórí láti ilé kó lè kó gbogbo ẹ̀ sínú ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lẹ́yìn ẹ̀ ni obìnrin kan bọ́ síbẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ igi. Ní ìlú yẹn, igi tí ara ẹ̀ bá ti nípọn tó ínǹṣì 24 tẹ́ ẹ bá fi téèpù yí i ká, ẹ ò gbọ́dọ̀ gé e láìgbàṣẹ, kódà tó bá jẹ́ àgbàlá yín ló wà. Obìnrin náà ní owó ìwé àṣẹ àti igi tuntun tí wọ́n ní kóun gbìn pọ̀ jù fóun. Ẹlòmíì tún dìde, ó ní tí wọ́n bá mú òfin yẹn rọrùn, igi ìlú máa tán. Mo ń gbọ́ àwọn méjèèjì, mo sì rí i pé òótọ́ lẹnu wọn ń sọ.

Ó wá kan Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilé wa mọ̀ pé Bọ̀dá mi kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, nígbà ìgbéyàwó wọn gan-an ìkíni ọpẹ́ ni wọ́n sọ tí wọ́n fi jókòó. Wọ́n dìde, wọ́n tún kọ́là ṣe, wọ́n lọ síwájú máìkì. Wọ́n sọ orúkọ títì wọn, wọ́n ní àwọn ọmọ mẹ́sàn-án ló ń dúró de bọ́ọ̀sì ilé ìwé níkọ̀rọ̀ yẹn láràárọ̀, àwọn kà wọ́n fúnra àwọn. Wọ́n dárúkọ àkókò tí mọ́tò máa ń pọ̀ jù. Gẹ̀ẹ́sì wọn, Ìjẹ̀ṣà ló wà nínú ẹ̀ gbágbá, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n tún un sọ. Káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀, mo ń wo bírò ẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ọ̀tún Bọ̀dá mi ń mì, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bá ká wọn lára. Omi bọ́ lójú mi, mo yára nù ún.

Káńsù ò ṣèlérí fún wọn o. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ máa wá ka iye mọ́tò tó ń gbabẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń sáré tó, tí ìfọwọ́sí bá sì pé, ọ̀rọ̀ náà á wá síwájú káńsù. Ó tẹ́ Bọ̀dá mi lọ́rùn.

Ìyókù ìpàdé lọ bó ṣe ń lọ. Wọ́n fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ ìpàdé tó kọjá. Àwọn nǹkan tí kò ní àríyànjiyàn, wọ́n kó wọn pọ̀, wọ́n dìbò sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin kan wà tí wọ́n kà nígbà àkọ́kọ́, torí pé ọ̀pọ̀ òfin kì í kọjá lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dọ̀ wọn, wọ́n á dìbò sí i lónìí, wọ́n á sùn lé e, wọ́n á tún gbé e wá lọ́jọ́ mìíràn kó tó dúró. Wọ́n wá bọ́ sórí bọ́jẹ́ẹ̀tì, èyí gùn gan-an, torí ọjọ́ kìíní oṣù July ni ọdún ìṣúná wọn ń bẹ̀rẹ̀, àárín April sí May ni wọ́n sì máa ń jà á. Káńsílọ̀ kan bi city manager léèrè nípa ọkọ̀ ìkólẹ̀ kan ṣoṣo fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú: kí ló dé tá ò fi tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe, ọdún mélòó ló kù fún un, èló la máa ná sí i tá a bá fà á dọdún tó ń bọ̀. Ọkọ̀ ìkólẹ̀ kan! Mo gbádùn ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù lọ.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Nínú ìwé òfin wa ti 1999, abala keje ló ní kí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ èyí tí ará ìlú dìbò yàn, àfikún kẹrin sì ka iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọjà, gárèjì, itẹ́ òkú, ibi ìpẹran, ìkólẹ̀, gọ́tà, orúkọ títì, nọ́ńbà ilé, àkọsílẹ̀ ọmọ tuntun àti ti òkú. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 la ní. Ní 11 July 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó wọn máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kó má gba ọwọ́ gómìnà mọ́, pé gómìnà ò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti yan ìgbìmọ̀ fìdí-hẹ tí yóò máa ṣàkóso wọn. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn, mo fi kọ́ àwọn ọmọ mi ní kíláàsì. Àmọ́ owó tó bá dé ọ̀hún, ibo ni wọ́n ti ń jókòó pín in, ọjọ́ wo, ta ló lè wọlé?

Ní ọdún tó ṣáájú ìrìnàjò yìí, gọ́tà ẹ̀yìn ọjà wa dí, omi wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ìyá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ àti ìrẹsì. Mo lọ sí sẹkitéríàtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Wọ́n ní alága ò sí nílé, wọ́n ní kí n padà wá, ẹ̀ẹ̀kẹta wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Kò sí ìgbà kankan tó wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ìgbà tí àwọn káńsílọ̀ wa ń ṣèpàdé. Káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ọkùnrin dáadáa ni, ó máa ń wá síbi ìsọmọlórúkọ, mo mọ orúkọ ìyá ẹ̀, àmọ́ mi ò mọ ọjọ́ tó ń jókòó síbi iṣẹ́ tá a torí ẹ̀ dìbò yàn án.

Nígbà tá a ń padà sílé lálẹ́ yẹn, mo sọ gbogbo èyí fún Bọ̀dá mi. Wọn ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ṣé o ti béèrè rí?" Mo ní rárá. Wọ́n ní, "Lọ béèrè."

Mo ti kọ lẹ́tà náà tán. Ìlà mẹ́rin péré ni: mò ń béèrè ọjọ́ àti aago tí ìgbìmọ̀ aṣòfin ìjọba ìbílẹ̀ wa máa jókòó lóṣù yìí, àti pé kí wọ́n jẹ́ kí èmi àti ọmọ kíláàsì mi méjìlá wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ní òun máa bá mi lọ. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀, la máa mú un lọ.