Owó ẹni méje

Ìdánwò STA 111, kọ́ọ̀sì statistics wa, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Orí tó dá lórí ṣíṣe àpèjúwe dátà ni mo fi ọ̀sán òní kà, mi ò sì kánjú kúrò níbẹ̀, torí ó wọ̀ mí lọ́kàn gan-an.

Mo gbé iṣẹ́ kan kalẹ̀ fún ara mi: iye tí ọmọ iléèwé méje ń ná lọ́sẹ̀, ní ẹgbẹ̀rún náírà. 8, 9, 10, 10, 11, 12, 80. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 140 ni. Ẹ pín in sí méje, mean jẹ́ 20. Ṣùgbọ́n ta ló ń ná 20 nínú wọn? Kò sí. Ẹni mẹ́fà ò tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e ga. Ẹ wá wo median, iye tó bọ́ sáàárín lẹ́yìn tá a bá tò wọ́n láti kékeré dé ńlá: 10 ni. Mode, iye tó fara hàn jù, náà jẹ́ 10. Ẹni tó bá kéde pé 20 ni ìpíndọ́gba ò purọ́, síbẹ̀ ebi lè máa pa ẹni mẹ́fà lábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Lójú tèmi, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni dárúkọ mean láìsọ bí àwọn iye náà ṣe fọ́n ká.

Ohun tí standard deviation wà fún nìyẹn, ọ̀pọ̀ nínú wa sì kàn ń há fọ́múlà rẹ̀ sórí ni. Ẹ yọ 20 kúrò lára iye kọ̀ọ̀kan: àwọn mẹ́fà àkọ́kọ́ á fi 60 dín lápapọ̀, ìkẹyìn á fi 60 lé, gbogbo rẹ̀ á wá di òdo. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nígbà gbogbo, dátà yòówù kó jẹ́. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ ìyàtọ̀ kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ká tó rò wọ́n pọ̀: 4,210. A pín in sí 6 (méje dín kan, torí sáńpù ni, ìyẹn ìwọ̀nba ènìyàn tá a mú lára ọ̀pọ̀), a wá square root rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 26.5. Ẹ yọ 80 yẹn kúrò pátápátá: mean á já sí 10, standard deviation á di 1.4 péré. Median ò mira.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n kan tó ti ṣe kọ́ọ̀sì yìí fi iṣẹ́ Francis Anscombe, onímọ̀ statistics, ti ọdún 1973 hàn mí. Dátà mẹ́rin ni, iye x àti y ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan; mean x wọn jẹ́ 9, ti y jẹ́ 7.5, variance wọn (standard deviation tá a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀) sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Ẹ yà wọ́n sórí gíráàfù, kò séyìí tó jọra: ìkejì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, nínú ìkẹrin, àmì mẹ́wàá tò sórí 8, ọ̀kan dá wà lórí 19. "Kọ́kọ́ yà á ná, àbúrò," ni ẹ̀gbọ́n wí, "kó o tó ṣírò ohunkóhun."

Quartile ló kù, àwọn iye tó pín dátà tá a ti tò sí mẹ́rin: median ìdajì ìsàlẹ̀ ni àkọ́kọ́, median ìdajì òkè ni ìkẹta. Ìwé tí mò ń kà ka median mọ́ ìdajì méjèèjì, nóòtù kíláàsì wa sì yọ ọ́ sílẹ̀. Lórí owó ẹni méje yìí, quartile àkọ́kọ́ jẹ́ 9.5 nínú ìwé, 9 nínú nóòtù. Màá bi olùkọ́ wa láàárọ̀ ọ̀la èwo ni ká lò, torí orí rẹ̀ ni box plot (àwòrán àpótí tó ń fi quartile hàn) tá a máa yà dúró lé.