Ọdún tí mo kọ́ èdè ọmọ mi

"Ɛkɔm de wo anaa?"

Ohun àkọ́kọ́ tí mo kọ́ lọ́dún 2025 nìyẹn. "Ṣé ebi ń pa ọ́?" ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Twi tí wọ́n ń sọ ní Gánà. Màámi ló kọ́ mi lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀fà, níbi tí wọ́n ti ń bó ànàmọ́. Mo pè é, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo tún un pè títí wọ́n fi mi orí, mo wá kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan.

Ẹni tí mo ń kọ́ ọ nítorí rẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan ní Kumasi, ní Gánà, ló ń gbé. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí, torí ilé ẹjọ́ ò tíì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Màámi ló bí ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Kofi Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, pàṣẹ ní 18 oṣù Kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀gbọ́n wọn ti wà nílé ọkọ, Asante, ọmọ ilẹ̀ Gánà, sì ni ọkọ náà, ni wọ́n bá dúró. Màámi tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá bá àwọn òbí wọn wọ ọkọ̀ wálé. Ẹ̀gbọ́n wọn ti kú báyìí, ọmọ tí wọ́n bí náà ti tẹ̀ lé wọn, ó ku ọmọ kékeré yìí nìkan. Èmi àti ọkọ mi ti lo ọdún mẹ́tàlá nílé ara wa, a ò bímọ. Òun ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ pé, "Jẹ́ ká gbà á ṣọmọ."

Ìwé ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún náà. Ìwé ọlọ́pàá, ìwé àyẹ̀wò ara, lẹ́tà lórí lẹ́tà. Ará wẹ́fíà wá sílé, ó wo yàrá, ó wo kànga, ó bi aládùúgbò bí a ṣe ń bá ara wa gbé. Mi ò bínú sí i. Ó yẹ kí wọ́n béèrè. Gánà fúnra rẹ̀ dá gbígba ọmọ ṣọmọ dúró ná ní 2013, torí wọ́n fẹ́ tún ètò rẹ̀ tò. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ ni bàbá tàbí ìyá wọn ṣì wà láyé. Láti 2017 ni Gánà ti wà nínú àdéhùn Hague ti 1993, èyí tó ń ṣọ́ ọmọ tí wọ́n bá ń mú láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Nàìjíríà ò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ìjọba méjì fi lẹ́tà bá ara wọn sọ, àwa la ń gbé e kiri. Ní oṣù Kẹta, ọ́fíìsì kan sọ fáìlì wa nù. Ẹkún ni mo sun láti Ìlọrin títí tí ọkọ̀ fi dé Àjàṣẹ́-Ìpo.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọkùnrin kan tọ̀ wá wá. Ó ní kí a mú ₦350,000 wá, òun á mú ọmọ náà gba ọ̀nà fàyàwọ́ láti Aflao ní ibodè Gánà dé Sèmè, ọjọ́ mẹ́ta péré, ìwé kankan ò sí níbẹ̀. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín: mo rò ó mọ́jú. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Tó bá dàgbà tó bi wá bó ṣe dé ilé yìí, kí la máa sọ?" Ó tó. A dá ọkùnrin náà lóhùn láàárọ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ fáìlì láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ládùúgbò ti ń bi mí pé ṣé ọmọ ọ̀dọ̀ ni mò ń mú bọ̀. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń béèrè. Ọmọ mélòó la ti rí tí wọ́n ní ìbátan ni, tó jẹ́ pé abọ́ ló ń fọ̀ títí di òru?

Lórí orúkọ, mo ti ní "Àdùkẹ́" lọ́kàn fún un. Màámi ní ìyẹn dáa, kó ní i gẹ́gẹ́ bí oríkì, ṣùgbọ́n kí n má fọwọ́ kan èyí tó ń jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ nínú ọ̀sẹ̀ ni àwọn Akan, ẹ̀yà tí Asante wà lára rẹ̀, fi ń sọ ọ́ lórúkọ. "Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Ta ló ń yí orúkọ Táíwò padà?" Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ ààfáà fi Súrà Al-Ahzab tì í lẹ́yìn, níbi tí Ọlọ́run ti ní kí a máa fi orúkọ bàbá wọn pe àwọn ọmọ tí a gbà tọ́. Orúkọ ìdílé tó bá wá náà yóò wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn mi jù nìyí. Ní gbogbo ayé mi kó tó di 2025, mi ò gbọ́ Twi lẹ́nu Màámi rí. Ọdún yìí ni wọ́n tó sọ fún mi pé nígbà tí àwọn dé Ọ̀fà ní oṣù Kejìlá 1969, àwọn sọ pé "nsuo", ìyẹn omi, nígbà tí òùngbẹ gbẹ àwọn, gbogbo ọmọ agbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti pa á mọ́nú. Ní 1983, nígbà tí ó kan àwọn ará Gánà láti kúrò ní Nàìjíríà, Màámi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe àpò ńlá yẹn ní "Ghana Must Go" nílé wa. Àpò ni wọ́n ń pè é. Mi ò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Sátidé Sátidé la máa ń pe ọmọ náà lórí fídíò WhatsApp. Fún oṣù mélòó kan, iwájú orí rẹ̀ nìkan la ń rí. Ní oṣù Kẹwàá, Màámi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Twi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wá nǹkan nínú àpótí. Ọmọ náà gbé orí sókè. "Nana," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá àgbà. Lẹ́yìn náà ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún: "Mafe me maame." Àárò ìyá mi ń sọ mí. Mo fẹ́ ní kó dákẹ́. Màámi di ọwọ́ mi mú.

"Má ní kó dákẹ́. Èmi ni wọ́n ní kí n dákẹ́, mo sì dákẹ́, ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta." Wọ́n yíjú sí fóònù, wọ́n ń sọ "due, due," ìyẹn pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló wà nínú ìwé mi báyìí. Kò tó, mo mọ̀.

Ní oṣù Kejì, ilé ẹjọ́ yóò jókòó, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Màámi ń bá wa lọ, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1969. Wọ́n ti gba páásípọ́ọ̀tù ní Ìlọrin. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n níbi tí wọ́n bí wọn sí, wọ́n pe lẹ́tà Kumasi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún akọ̀wé náà.

Bátà ni mi ò tíì rà, torí mi ò mọ ìwọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀ màá ní kó gbé ẹsẹ̀ lé ìwé, kí wọ́n fi bírò yí i ká, kí wọ́n gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Mo ti bi Màámi bí wọ́n ṣe ń pe ẹsẹ̀. Nan ni.