Ọwọ́ ta ni ọ̀bẹ náà ti wá?

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Àwòrán méjì ni mo wò lójú maikirosikóòpù lónìí, wọn ò sì kúrò lọ́kàn mi. Ẹran ọyàn ni méjèèjì, wọ́n fi àwọ̀ kùn ún kí kọ́lájìn, èròjà tó so ẹran ara pọ̀, lè hàn. Nínú ti àkọ́kọ́, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kún ihò tí omi ọyàn ń gbà bámúbámú, ṣùgbọ́n ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó pọ́n rúsúrúsú bí òwú yí wọn ká, òun ni ògiri ibẹ̀, kò já níbì kankan. Nínú èkejì, òwú náà ti já. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin-márùn-ún ti gba ibẹ̀ yọ, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ. Kí òwú yẹn tó já, jẹjẹrẹ ò tíì rọ́nà dé inú ẹ̀jẹ̀.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Aláǹgbá tèyí kì í dúró kí ògiri lanu. Ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní MMP, èròjà ara tó ń gé nǹkan bí ọ̀bẹ, ló fi ń gé e. Irú rẹ̀ 23 ló wà lára èèyàn, sínkì ló sì wà lójú ibi tí wọ́n fi ń gé nǹkan. MMP-2 àti MMP-9 ló ń jẹ kọ́lájìn ògiri náà. MMP-14 ló bà mí lẹ́rù jù: kì í ṣáko lọ. Sẹ́ẹ̀lì á na ẹsẹ̀ kékeré kan sínú ògiri, á fi MMP-14 sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ náà. Bí kọ́lájìn bá ṣe ń yọ́ níwájú, bẹ́ẹ̀ lẹsẹ̀ á máa wọlé.

Àmọ́ ẹ́ńsáìmù wọ̀nyí kì í ṣe àlejò lára. Lọ́dún 1962, ara ìrù ọmọ kọ̀ǹkọ̀ ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jerome Gross àti Charles Lapière ti kọ́kọ́ rí irú rẹ̀. Òun ló ń tú ìrù náà palẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹkọ̀ bá ń dàgbà. Àwa náà ń lò wọ́n bí egbò bá ń jinná. Ohun tó dùn mí jù ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kọ́ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ni, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń hun ẹran ara àtàwọn tó yẹ kó dáàbò bò wá. Jẹjẹrẹ á ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n á sì kó ọ̀bẹ wá.

Láàárín ọdún 1990 sí 2000, wọ́n gbìyànjú oògùn bíi marimastat láti dá gbogbo ọ̀bẹ náà dúró. Oríkèé ara bẹ̀rẹ̀ sí í ro àwọn aláìsàn, ẹ̀mí wọn ò sì gùn bí wọ́n ṣe retí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ó bà mí nínú jẹ́ gan-an. Àṣé àwọn kan wà nínú àwọn MMP, bíi MMP-8, tó lè gbèjà ara.

Kí n tó pa iná, mo tún wo àwòrán kejì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òwú ti já, sẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín mẹ́ta kan wà tí n ò fiyè sí tẹ́lẹ̀. Ara wọn dá ṣáṣá.