Kẹ̀kẹ́ Méjì ní Pune

Àbúrò mi ló ní kí n wá. Ó ń kàwé gboyè kejì ní Pune, ìlú ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Maharashtra ní Íńdíà, ó sì ti ń bẹ̀ mí láti èṣí pé kí n wá wo òun kí òun tó parí. Télọ̀ ni mí ní Kàbbà. Mo kó àjọ, mo ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo gba Àbújá lọ wọ bàálù. Mo débẹ̀ tán, ọmọkùnrin ò ráyè mi. Iṣẹ́ àṣekágbá ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó kọ orúkọ ibi mẹ́rin sórí bébà, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa fi han oníkẹ̀kẹ́. Wọn ò ní gbé yín sọnù."

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí yìí, ẹ mọ̀ ọ́n. Kẹ̀kẹ́ NAPEP tó ń gbé wa lọ sọ́jà ní Kàbbà náà ni, àfi pé tiwọn dúdú nísàlẹ̀, ó sì yẹ́lò lórí. Mo wo ara rẹ̀, mo rí Bajaj. Àbúrò mi wá sọ fún mi lálẹ́ pé Pune gan-an ni olú iléeṣẹ́ Bajaj wà, ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Akurdi. Gbogbo Boxer tó ń pariwo lọ́nà Ìyàrà, àwọn ló ni í. Mo fò gba ojú sánmà kọjá òkun, mo tún lọ bá kẹ̀kẹ́ ilé nílé baba rẹ̀.

Ìyá onílé àbúrò mi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ò gbọ́ Màráàtì, síbẹ̀ à ń bára wa sọ̀rọ̀. Ewéko kan wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo já ewé kan, mo rá a mọ́wọ́: efinrin! Ewé rẹ̀ kéré sí tilé wa, àmọ́ òórùn yẹn ò lè tàn mí. Mo ti ń wò ó bí n ó ṣe já ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọbẹ̀ nígbà tí àbúrò mi figbe ta látinú ilé, "Àǹtí, ẹ fi í sílẹ̀ o, òrìṣà ni!" Tulsi ni wọ́n ń pè é. Láràárọ̀, tí ìyá yẹn bá ti wẹ̀ tán, á bomi sí i, á yí i po, á pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó bu tíì oníwàrà tí wọ́n fi atalẹ̀ sè fún mi.

Òkè Parvati ni mo kọ́kọ́ lọ. Àtẹ̀gùn òkúta 103 ló gbé èèyàn dókè. Mo kà á. Èmi ọmọ ìlú tí òkè yí ká, mo rò pé eré ni. Kò tíì tó 60 tí mo ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, tí àwọn ìyá arúgbó tó wọ kánfáàsì sábẹ́ sári ń yà mí sílẹ̀ lọ. Sári àwọn àgbà ibẹ̀ ò sì jọ èyí tí à ń rí nínú fíìmù. Yáàdì mẹ́sàn-án ni. Wọ́n á gbé e gba àárín ẹsẹ̀, wọ́n á fi há ẹ̀yìn, á wá dà bíi ṣòkòtò. Wọn kì í gé e, wọn kì í rán an. Bí kì í bá ṣe ti bùláùsì tí wọ́n ń wọ̀ sí i, kí ni télọ̀ ibẹ̀ ì bá máa jẹ?

Lókè pátápátá ni tẹ́ńpìlì Devdeveshwar wà, ti Shiva, òrìṣà ńlá kan láàárín àwọn Híńdù. Balaji Baji Rao ló kọ́ ọ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tó jẹ́ Peshwa, ìyẹn olórí ìjọba àwọn Maratha. Mo bọ́ bàtà mi, mo wọlé, mo wò yíká, mo jáde, atẹ́gùn ń fẹ́ sí mi. Màmá mi pè lórí fóònù lásìkò yẹn gan-an. Ó ní, "Ṣé o ò kúnlẹ̀ fún nǹkan wọn?" Mo ní bàtà nìkan ni mo bọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mósè náà bọ́ bàtà."

Ní Saras Baug, ọgbà ìgbafẹ́ tó wà nísàlẹ̀ òkè náà, mo sùn lọ lórí koríko. Wọ́n ní adágún omi ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí tẹ́ńpìlì Ganesha, òrìṣà olórí erin, sì dá dúró láàárín omi. Èmi ò rí adágún kankan. Oorun ni mo rí.

Shaniwar Wada, ààfin àwọn Peshwa, wà láàárín ìgboro. Bajirao Kìíní ló kọ́ ọ ní 1732, iná sì jó o ní 1828. Odi, ẹnubodè àti ìpìlẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Ọmọ onílẹ̀ ń san 25 rúpíì, àlejò ń san 300. Inú bí mi, mo san án. Wọ́n kan ìṣó gígùn gígùn mọ́ ìlẹ̀kùn ẹnubodè ńlá, kí erin ogun má baà forí gbá a wọlé. Inú ààfin yìí ni wọ́n ti pa Narayanrao, Peshwa ọmọ ọdún 18, ní 1773. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé àbúrò bàbá rẹ̀ kọ̀wé sí àwọn ẹ̀ṣọ́ pé kí wọ́n mú un, "dharave". Ìyàwó àbúrò bàbá yìí yí lẹ́tà kan padà, ó di "marave", kí wọ́n pa á. Lẹ́tà kan péré. Mo rántí ìyàwó ojú ọ̀nà kan tí mo kọ 34 sílẹ̀ fún, tí ọmọ iṣẹ́ mi kà á sí 39. Kò sẹ́ni tó kú níjọ́ yẹn, àmọ́ ó kù díẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ààfin Aga Khan ni mo torí rẹ̀ ń kọ èyí.

Aga Khan Kẹta, olórí àwọn Mùsùlùmí Ismaili, ló kọ́ ọ ní 1892, kí àwọn tí ìyàn mú lè rí iṣẹ́ ṣe. Ilé funfun ni, igi ńlá ńlá yí i ká, ibi tí èèyàn ì bá máa rò pé wọ́n ti ń ṣe fàájì. Ẹ̀wọ̀n ló padà dà. Nígbà tí Gandhi, aṣáájú ìjà òmìnira Íńdíà, ní kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Íńdíà ní oṣù Kẹjọ 1942, ibẹ̀ ni wọ́n tì í mọ́ títí di oṣù Karùn-ún 1944, pẹ̀lú Kasturba ìyàwó rẹ̀ àti Mahadev Desai akọ̀wé rẹ̀. Desai ò lò ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tó fi kú. Kasturba kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì 1944. Inú ọgbà yẹn ni wọ́n ti sun òkú wọn, ibẹ̀ náà sì ni ibi ìrántí àwọn méjèèjì wà.

Kẹ̀kẹ́ òwú kan wà nínú ilé. Kẹ̀kẹ́ òwú ṣáà ni kẹ̀kẹ́ tí àwọn ìyá wa mọ̀, kí èyí tó ń sáré lójú títì tó dé. Gandhi ní kí àwọn èèyàn rẹ̀ má ra aṣọ tí wọ́n ń kó ti Ìlú Ọba wá mọ́, kí wọ́n ran òwú, kí wọ́n hun tiwọn. Khadi ni wọ́n ń pè é. Kíjìpá ni, kò ní orúkọ méjì lójú mi. Àṣé Jamnalal Bajaj, tó dá òwò ìdílé Bajaj sílẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn Gandhi ni, tí Gandhi mú bí ọmọ. Kẹ̀kẹ́ méjèèjì mọ ara wọn.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ èyí tó mú mi jókòó: sári tí wọ́n fi sun Kasturba, òwú tí ọkọ rẹ̀ ran ni wọ́n fi hun ún.

Ọmọ Bùnú ni ìyá tó bí màmá mi. Ìyé Àgbà là ń pè é. Ó ń ran òwú, ó ń hun kíjìpá lórí ọ̀fì obìnrin, èyí tí wọ́n ń gbé ró ti ògiri. Nígbà tó ṣì lágbára, ó ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àwọn àgbà àti olóyè ní Bùnú. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kú, léèsì funfun tí a rà ní Lọ́kọ́ja la wọ̀ fún un. Èmi ni mo rán an. Mo fi òkúta dídán sí ọrùn rẹ̀, gbogbo ẹbí ń yìn mí. Kò sẹ́ni tó ṣí àpótí rẹ̀ wò. Ọjọ́ tí a pín ẹrù la bá kíjìpá mẹ́ta níbẹ̀, ní kíká, ọ̀kan sì wà lọ́tọ̀ tí ó fi okùn òwú dì.

Mo wà níwájú òkúta ìrántí Kasturba nínú ọgbà yẹn, mi ò mọ̀ bó ti pẹ́ tó. Obìnrin kan tó ń gbálẹ̀ dúró, ó bi mí ní nǹkan lédè rẹ̀. Mo nawọ́ sí òkúta, mo wá di etí ìró mi mú. Ó mi orí bí wọ́n ṣe ń mi í níbẹ̀, tí ẹ ò ní mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ kejì tí mo padà dé Kàbbà, mo lọ bá màmá mi. Ó ní àwọn ẹ̀gbọ́n òun ti kó kíjìpá méjì lọ, ọ̀kan tó kù nìyẹn nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Mo béèrè apasà Ìyé Àgbà, igi pẹlẹbẹ tó fi ń gbá òwú mọ́ra. Ó nawọ́ sí fèrèsé ilé ìdáná. Òun ló fi gbé e ró. Mo fà á yọ, fèrèsé pa dé gbàà.

"Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe, ìwọ tó ní ẹ̀rọ oníná?"

Mo ní mi ò tíì mọ̀. Ó ní kí n wá igi mìíràn sí fèrèsé òun kí n tó lọ.